Télọ̀ Tó Ń Béèrè Kó Tó Gé

Ní Ọ̀fà wa yìí, télọ̀ ti tán. Ẹni tó bá ń wá télọ̀ lónìí, kó lọ wò ó ní itẹ́ òkú. Láti iwájú ibùdókọ̀ ojú irin títí dé ẹnu ọjà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ránṣọ tò bí eyín, ṣùgbọ́n kò sí télọ̀ kan ṣoṣo nínú wọn. Disáinà ni gbogbo wọn. Fáṣọ̀n disáinà. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ tán lánàá, disáinà. Ẹni tó rán ṣòkòtò fún ọmọ aládùúgbò mi tí ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ, disáinà ni òun náà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn báyìí. Mi ò kàwé, mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ sára sáìnbọ́ọ̀dù, àmọ́ àwọn ọmọ máa ń kà á sí mi létí bí a bá ń kọjá, ẹ̀rín a sì máa pa mí títí n ó fi di ògiri mú.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ìyàwó télọ̀ ni mí. Ìyá Télọ̀ ni wọ́n ń pè mí láàárín àdúgbò, ó sì ti pẹ́ débi pé àwọn ọmọ tó ń ra iyọ̀ lọ́wọ́ mi kò mọ̀ pé mo ní orúkọ mìíràn. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé télọ̀ ti di èébú, ó wọ̀ mí lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ-ọmọ mi obìnrin jókòó, kó gbé fóònù rẹ̀, kó máa kọ ohun tí mo bá sọ. Disáinà ni òun náà. Ẹ ó gbọ́ tirẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí lò ń wojú mi sí?

Ọkọ mi, kí Ọlọ́run ṣàforíjì fún un, abẹ́ igi máńgòrò kan ló ti ń ránṣọ, ó dojú kọ ibùdókọ̀ ojú irin. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ń lọ tó ń bọ̀ dáadáa nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ló máa ń gbé kakí wá fún un, kakí tó le bí awọ màlúù. Kò ní sáìnbọ́ọ̀dù kankan. Máṣíìnì rẹ̀ ló ń ké, àwọn èèyàn á sì tọ ohùn rẹ̀ wá.

Ó ní ìwà kan tó máa ń bí àwọn oníbàárà nínú. Bí ẹ bá gbé aṣọ fún un, kò ní gé e lẹ́yìn yín. Á wọ̀n yín, á dá ọjọ́ fún yín pé kí ẹ wá wo bí òun ṣe máa gé e. Bí ẹ bá dé, á tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, á fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí i, á gbé àlùmọ́gàjí, á ní "Bísímílà," á wá wò yín lójú, á ní, "Kí n gé e?" Títí ẹ ó fi la ẹnu yín tí ẹ ó sọ pé "Gé e," àlùmọ́gàjí yẹn kò ní sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá mi orí, kò gbà. Bí ẹ bá ní "ẹn-ẹn," kò gbà.

Alhaji kan wà tó ń ta páànù, ọlọ́rọ̀ ni, ara rẹ̀ gbóná. Ó gbé léèsì wá lọ́jọ́ kan, ọkọ mi sì bi í.

"Ṣé mo gbé aṣọ wá kí o máa bi mí ní ìbéèrè ni? Télọ̀ wo ló ń béèrè bóyá kí òun ránṣọ?"

"Alhaji, mi ò béèrè bóyá kí n rán an. Rírán kò le. Èyí tí mo bá rán tí kò dáa, màá tú u. Èyí tí mo bá gé, ta ni yóò tú u?"

"Gé e! Gé e! Gé e! Àbí kí n gun orí igi yìí lọ sọ ọ́ ni?"

"Ó ti tó, Alhaji. Ẹ̀ẹ̀kan náà la fẹ́."

Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin rẹ́rìn-ín títí.

Ìyàwó kékeré kan náà sì wà tó gbé dàmáàsìkì wá. Gbogbo ẹnu ló fi ń ṣàlàyé irú ọrùn tó fẹ́, pé kó gbòòrò, pé kó ní iṣẹ́ ọnà lára. Nígbà tí ọkọ mi ní, "Kí n gé e?" ó wo aṣọ, ó wo àlùmọ́gàjí, ó wojú ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Inú àpótí ìyálé rẹ̀ ló ti mú un. Kí ìyálé tó ti ọjà dé, dàmáàsìkì ti padà sáàyè rẹ̀. Ọkọ mi kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo sọ ọ́.

Ọmọ-ọmọ mi yìí, abẹ́ tábìlì yẹn ló gbé dàgbà. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn òbí rẹ̀ fi í sí. Á máa ṣa àjákù aṣọ, á fi wé ṣùkù àgbàdo bí ẹni wọṣọ fún ọmọ. Bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, ẹ ó kàn gbọ́ ohùn tín-ín-rín láti abẹ́ tábìlì: "Gé e!" Ọkọ mi á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní, "Ìwọ kọ́ lo laṣọ, ìyá mi. Dákẹ́."

Ó dàgbà, ó kàwé, ó kà á jáde, kò ríṣẹ́, ó ní òun fẹ́ kọ́ aṣọ rírán. Ọkọ mi ti lọ nígbà yẹn. Inú mi dùn débi pé mo lọ gbé máṣíìnì rẹ̀ jáde, mo nù ún, mo fi òróró sí i. Ó kọ́ṣẹ́ tán, ó gba fírídọ̀mù, a ṣàdúà fún un. Ó gba ṣọ́ọ̀bù sójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjàgbó. Ọjọ́ tí wọ́n gbé sáìnbọ́ọ̀dù dé, mo pe ọmọ kan tó ń ti ilé-ìwé bọ̀, mo ní kó kà á fún mi.

"Fáṣọ̀n disáinà ni wọ́n kọ, Màmá. Wọ́n wá kọ síì-íì-ó sábẹ́ orúkọ."

"Kí ni síì-íì-ó?"

"Ọ̀gá pátápátá ni."

"Ọ̀gá ta ni? Òun nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù."

Ọmọ náà ronú sí i. "Ọ̀gá ara rẹ̀ ni, Màmá."

Mo wọlé bá a. Mo ní kí ló dé tí kò kọ télọ̀.

"Háà, Màmá! Àwọn tó ń gbé máṣíìnì sí èjìká kiri, tí wọ́n ń lu àlùmọ́gàjí kí ẹ lè gbé ṣòkòtò tó ya jáde, àwọn ni télọ̀."

"Bàbá rẹ àgbà ńkọ́?"

"Ìgbà tiwọn nìyẹn. Ayé ti kúrò níbẹ̀." Ó gbé fóònù. "Ẹ jẹ́ n kà á fún yín. Ọ̀rọ̀ télọ̀ yẹn gan-an, ọwọ́ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á. Ẹni tó ń gé nǹkan ló túmọ̀ sí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rí i? Télọ̀ ń gé, disáinà ń ronú."

Ó yà mí lẹ́nu, mi ò parọ́. Nílé wa níbí, aránṣọ là ń pe oníṣẹ́ yẹn. Abẹ́rẹ́ àti òwú la wò ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ará ibẹ̀ yẹn, àlùmọ́gàjí ni wọ́n wò. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, ó dà bíi pé wọ́n ti rí irú ọkọ mi rí lọ́hùn-ún. Ibi tó ń bani lẹ́rù nínú iṣẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Disáinà kò gbọ́, ó ṣì ń fi ìka ti fóònù sókè.

"Ó tún kù o, Màmá. Wọ́n ní kó tó di ti Faransé, ọ̀rọ̀ igi ni nínú èdè àtijọ́ kan. Ẹ̀ka igi kan báyìí tí wọ́n..."

Mo ní kó máa gbé igi rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ aṣọ là ń sọ, ta ló bi í léèrè igi?

Bí disáinà ṣe jókòó sí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, tó ń retí àwọn tí yóò ṣe disáìn fún. Àwọn wo ló wá? Ìyá kan gbé síìpù tó kọ̀ tí kò pàdé mọ́ wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé tó fi báàgì bo ìdí, torí ṣòkòtò ti là lẹ́yìn. Olùkọ́ kan ní kó bá òun fẹ aṣọ òun díẹ̀, òun ti sanra. Wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò wo sáìnbọ́ọ̀dù, wọ́n á ní, "Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o." Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á wọlé pẹ̀lú ojú tó ṣú bí òjò. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọjọ́ tó fi sọ pé bí yóò bá máa rí báyìí, òun á ti ilẹ̀kùn yẹn pa, òun á lọ wáṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìlọrin, òun á sì gbé máṣíìnì bàbá òun àgbà padà sílé fún mi. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn èyí ló kúnlẹ̀ tì mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní ọ̀rẹ́ òun fẹ́ ṣègbéyàwó, àwọn ẹni ńlá máa wà níbẹ̀, òun fẹ́ wọ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ rí ní Ọ̀fà, kí wọ́n lè mọ ohun tí ọwọ́ òun lè ṣe.

"Màmá, aṣọ Ìyá yín tó wà nínú àpótí yẹn."

Kí ẹ tó mọ ohun tó ń béèrè, ẹ jẹ́ n sọ aṣọ náà. Kíjìpá ni. Ìyá mi ló hun ún lórí òfì tó fi ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Òjòkú, òwú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran, tó sì pa láró títí ó fi dúdú bí ojú ọ̀run tí òjò ṣú sí. Ó wúwo, bí ẹ bá gbé e ẹ ó rò pé ọmọ ti wà nínú rẹ̀. Òun ni ìyá mi fi pọ̀n mí. Òun ni mo fi pọn gbogbo ọmọ mi. Òun ni mo fi pọn àwọn ọmọ wọn, èyí tó kúnlẹ̀ tì mí yìí ló sì tọ̀ sí i jù.

"O fẹ́ fi ṣe kí ni?"

"Kóòtù, Màmá."

"Kóòtù? Otútù wo ló ń mú yín ní Ọ̀fà?"

"Látìgbà tí mo ti sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn yín, kò sí ẹni tó lò ó mọ́. Káńfọ̀ nìkan ló ń wọ̀ ọ́."

"Jẹ́ kí káńfọ̀ máa wọ̀ ọ́ lọ. Káńfọ̀ kì í mú àlùmọ́gàjí dání."

Ó dìde, ó wo àpótí náà lẹ́ẹ̀kan, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìjàgbó. Nígbà tí mo padà dé, mo fẹ́ kó aṣọ ìróde mi sílẹ̀, mo rí i pé ìdérí àpótí kò bo ẹnu dáadáa. Káńfọ̀ kan ti yí bọ́ sílẹ̀. Mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ inú rẹ̀ wò. Gèlè tí mo wé kò kúrò lórí mi, mo bọ́ sójú títì, mo dá kẹ̀kẹ́ dúró.

"Ibo, Màmá?"

"Ṣọ́ọ̀bù disáinà."

"Èwo nínú wọn? Wọ́n mà pọ̀ o."

"Èyí tí wọ́n máa pa lónìí."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wojú mi nínú díńgí, ó tẹ iná mọ́ kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù, kíjìpá ìyá mi nà gbalaja sórí tábìlì bí aláìsàn. Ṣọ́ọ̀kì ti fa ìlà funfun káàkiri ara rẹ̀. Ọmọ yìí dúró tì í, àlùmọ́gàjí la ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn bò ó. Kò tíì gé nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi, ṣùgbọ́n mo rọra ń ṣà á sọ, nítorí "gé e" kò gbọdọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi níbẹ̀, ì báà jẹ́ nínú èébú.

"Disáinà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló dá yín dúró? Ṣé ẹ ṣì ń ronú ni?"

"Màmá, ẹ má bínú."

"Mo ti bínú tán. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti bínú."

"Àárọ̀ ni mo ti tẹ́ ẹ. Mo fàlà sí i, mo gbé àlùmọ́gàjí, mo ní Bísímílà. Ẹnu mi ló dédé sọ ọ́, Màmá. Mo ní, 'Kí n gé e?' Kò sí ẹnì kankan nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo tún un sọ. Ọwọ́ mi kọ̀."

Mo wá bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà jókòó lé. Ẹ̀rín ń gùn mí, mo ń gbé e mì. "Síì-íì-ó kò wá lè dá ara rẹ̀ lóhùn?"

Ẹ̀rín àti ẹkún já lójú rẹ̀ pọ̀. "Kò lè dá a lóhùn, Màmá. Òun kọ́ ló laṣọ."

Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ mi lẹ́nu rẹ̀, mo dìde, mo gbé ọwọ́ lé aṣọ náà láti ká a, bí ìyàwó kékeré yẹn ṣe ká dàmáàsìkì. Bí mo bá ká a tán tí mo gbé e lọ, mo mọ̀ pé kò ní jà. Mo sì mọ̀ pé yóò ti ilẹ̀kùn, yóò lọ sí Ìlọrin. Ìgbà tí ọwọ́ mi wà lórí aṣọ yẹn, igi tí mo lé lọ ní ọjọ́ kìíní ló sọ sí mi lọ́kàn.

"Igi wo lo ní ó wà nínú ọ̀rọ̀ télọ̀?"

"Igi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e lọ."

"Gbé e padà wá."

Ó nu ojú, ó wá a jáde nínú fóònù. "Wọ́n ní ẹ̀ka igi tí wọ́n bá gé láti lọ gbìn ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gígé ti jáde, ibẹ̀ náà ni télọ̀ ti wá."

"Gé láti lọ gbìn? Bí igi ẹ̀gẹ́?"

"Bí igi ẹ̀gẹ́ gan-an, Màmá."

Ọmọ oko Òjòkú ni mí. Kò sí ẹni tó máa kọ́ mi ní igi ẹ̀gẹ́. Ẹ ó gé e ní kéékèèké, ẹ ó tì í bọ ebè, kò sí ẹni tó ń sunkún lé e lórí. Èyí tí àánú rẹ̀ bá ṣe yín, tí ẹ fi odindi rẹ̀ ti ara ògiri abà, á kọ́kọ́ yọ ewé tẹ́ẹ́rẹ́ méjì láti tàn yín jẹ, lẹ́yìn náà á gbẹ pátápátá, ó di igi ìdáná. Mo wo àpótí mi lọ́kàn, mo wo káńfọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Kò dùn mọ́ mi kí àwọn òyìnbó tó ti kú láéláé wá borí mi nínú ìjà ilé mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ.

Mo ní, "Pa ibí yìí rẹ́. Ìwọ̀n tí wọn ó fi pọn ọmọ, má fa ìlà kàn án."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ṣọ́ọ̀kì kúrò, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó tún ìlà fà. Ojú rẹ̀ fà ro. "Màmá, kóòtù á kúrú."

"Kó kúrú. Wọ́n á ní disáìn ni."

Ó gbé àlùmọ́gàjí. Ó ní Bísímílà. Ó wá wò mí lójú, bí bàbá rẹ̀ àgbà ṣe máa ń wò wọ́n gẹ́lẹ́.

"Kí n gé e?"

Èmi tí mo fi Alhaji onípáànù rẹ́rìn-ín, mo wo aṣọ, mo wo àlùmọ́gàjí, mo wojú ọ̀nà. Ọkọ̀ kọjá lójú títì, òmíràn tẹ̀lé e. Ọmọ náà kò gbé ojú kúrò lójú mi, ọwọ́ rẹ̀ kò sì sọ̀kalẹ̀.

Mo ní, "Gé e."

Àlùmọ́gàjí kì í dún lórí kíjìpá bó ṣe ń dún lórí àǹkárá. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ họ iṣu sísun. Mo jókòó ti gbogbo rẹ̀, mi ò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ n sọ kóòtù náà fún yín. Èjìká rẹ̀ dìde bí ìyẹ́ adìyẹ tó fẹ́ jà. Ó kúrú, mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó la ẹ̀yìn sílẹ̀ láti ìdí dé àárín; mo ní kí ni ihò yẹn wà fún, ó ní afẹ́fẹ́ ni. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ ju ti ìyàwó lọ, òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé obìnrin kan tọ̀ ọ́ wá lẹ́yìn náà pẹ̀lú aṣọ òfì ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ọmọ yìí wọ̀n ọ́n, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ tí òun máa gé e, kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Inú bí obìnrin náà. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ ló ròyìn rẹ̀ fún mi, ó ní gbogbo ọ̀nà ló fi ń kùn pé disáinà wo ló ń gba àṣẹ kó tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó padà lọ.

Àwọn onísíìpù náà kò tíì dẹ́kun. Sáìnbọ́ọ̀dù ṣì wà níbẹ̀, síì-íì-ó sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyókù kíjìpá wà nínú àpótí mi, ó ń dúró de ọmọ tí wọn ó fi pọ̀n. Ẹni tó máa bí ọmọ náà kò tíì yan ọkọ. Disáinà ni, ó ń ronú.

Bí a ṣe dé ibí yìí, ó ti gbé ìka kúrò lórí fóònù. Ó ń wò mí.

"Màmá, ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ àwọn onísíìpù, àti ibi síì-íì-ó, àti èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nípa ọkọ yìí. Kí n gé e?"

Mo ní rárá.